Táyà Dúró, Ọ̀kadà Ò Dúró

Bí ẹ bá ń gbọ́ mi látinú ọkọ̀, tàbí lẹ́yìn ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló wà nílẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe tí kò dáa.

Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà. Mo fẹ́ lọ gba ohùn màmá àgbà kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà ayé ọjọ́un. Òjò ti rọ̀ kí n tó dé, mo sì ti pẹ́. Mo gun ọ̀kadà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sáré díẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí." Ẹ̀gbọ́n yẹn wo títì, ó ní, "Àbúrò, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni o." Mo ní màá fi igba náírà lé owó ẹ̀. Ló bá sáré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Iléṣà, ẹ mọ̀ pé òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ibi tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ewúrẹ́ kan ti já sójú títì. Ẹ̀gbọ́n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Táyà dúró lóòótọ́, kò yí mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ò dúró. Ó ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀ ní balùwẹ̀, ó sì dà wá sílẹ̀. Orúnkún mi bó. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kán, ọwọ́ tó fi ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀kadà dìde ni mo tó rí táyà ẹ̀yìn. Ó dán bí orí apárí.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi: bí táyà bá ti dúró, kí ló tún ń gbé wa lọ?

Ìdáhùn ẹ̀ ni pé kò dìgbà tí nǹkan kan bá ń gbé wa lọ ká tó máa lọ. Lọ́dún 1687, ọ̀gbẹ́ni Isaac Newton, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó dúró yóò máa dúró, ohun tó ń lọ yóò sì máa lọ tààrà bó ṣe ń lọ, àfi bí agbára kan bá yí i padà.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti fún wa ní àpèjúwe tó bá èyí mu. Bí Òṣómàáló bá wá gba gbèsè, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní òṣó lòun máa ló títí owó òun á fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ohun tó dúró, Òṣómàáló ni; kò ní kúrò àfi bí nǹkan bá mú un kúrò. Èyí tá a máa ń gbàgbé ni pé ohun tó ń lọ náà, Òṣómàáló ni. Kò ní dúró àfi bí nǹkan bá dá a dúró.

Ẹ rántí fífa okùn nígbà eré ìdárayá nílé ìwé. Bí agbára apá méjèèjì bá dọ́gba, okùn ò ní lọ síbì kankan. Bí apá kan bá lágbára jù, ibẹ̀ lokùn máa lọ. Ọ̀kadà tó ń lọ geere lórí títì tó tẹ́jú, tí kò yára sí i, tí kò sì dẹwọ́, agbára tó dọ́gba ló wà lára ẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tì í síwájú ni atẹ́gùn àti títì ń fà á sẹ́yìn. Torí náà, kí agbára dọ́gba kò túmọ̀ sí pé nǹkan dúró. Ó túmọ̀ sí pé ìrìn ẹ̀ ò yí padà. Kí ọ̀kadà tó lè dúró, agbára tó ń fà á sẹ́yìn gbọ́dọ̀ borí.

Níbo ni agbára yẹn ti ń wá? Bíréèkì kàn ń dá táyà dúró ni. Ohun tó ń dá ọ̀kadà dúró ni bí táyà àti títì ṣe di ara wọn mú. Òun ni wọ́n ń pè ní friction nílé ìwé. Bí táyà bá ṣì ń yí, ìdìmú yẹn máa ń lágbára ju ìgbà tó bá ti ń yọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dáa ká rọra tẹ bíréèkì, ju ká tẹ̀ ẹ́ pa lọ.

Òjò ló ń ba ìdìmú yẹn jẹ́. Ilà tó wà lára táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ojú ọ̀nà omi ni. Táyà tó ti dán ò ní ibi tí omi máa gbà jáde, omi náà ló máa gùn. Òjò àkọ́rọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, torí ó máa ń po eruku àti ọ́ìlì tó ti wà lójú títì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Lórí títì gbígbẹ tó dáa, ohun tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan nílò bíi mítà 5 kó tó dúró lẹ́yìn tí bíréèkì bá ti mú. Bó bá di kìlómítà 60, kì í ṣe mítà 10, mítà 20 ni. Ìyára di ìlọ́po méjì, ibi tó máa lò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí títì bá tutù, mítà 20 yẹn lè di 35, pẹ̀lú táyà tó dáa o. A ò sì tíì ka bíi mítà 17 tó máa lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí awakọ̀ fi ń ronú kó tó tẹ bíréèkì.

Igba náírà tí mo fi lé owó ọkọ̀, irú mítà bẹ́ẹ̀ ni mo fi rà.

Mo ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ nílé ìwòsàn, mo sì tún padà lọ wò ó. Ó ní ká má dá ara wa lẹ́bi jù. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ṣe.

Torí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ wo táyà kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà. Bí ilà ò bá sí lára ẹ̀ mọ́, ẹ wá òmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ẹ wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà DOT tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tokunbo lè mọ́ lójú, kó ti darúgbó. Bẹ́ ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má torí àtifi epo pamọ́ ju jíà sí fíríì. Ẹ́ńjìnnì náà ń bá yín fà á sẹ́yìn.

Pàtàkì jù lọ, bí ọlọ́kadà bá sọ fún yín pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Màmá àgbà tí mo ń sáré lọ bá lọ́jọ́ náà ṣì wà níbi tó jókòó sí nígbà tí mo dé, pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fẹ́ràn kó máa sọ pé "ẹ sáré." Ó dìgbà kan ná o. Ẹ rọra.