Ta Ló Kọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Kátólíìkì ló kọ́ ọ. Mo tún un sọ: Kátólíìkì ló kọ́ ọ. Ẹ wo ògiri ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ: ihò kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni àlùfáà ń da omi tó fi fọ ife Mísà sí. Àwọn kan á ní ìjọ kan náà ni, olórí ló yí padà láyé Ọba Henry Kẹjọ. Kò burú, ṣùgbọ́n Mísà tí wọ́n torí ẹ̀ gbẹ́ ihò ọ̀hún, ìjọba padà fòfin dè é. Ọdún 1791 ni òfin tó gba Kátólíìkì láyè láti ní ilé ìjọsìn jáde, kò sì gbọdọ̀ ní agogo nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà níbẹ̀ fi sábà máa ń jẹ́ àtijọ́ ju ti Kátólíìkì lọ.