Mọ́tò Dúró, Orí Ò Tíì Dúró

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa

Ọ̀rọ̀ owó ni akọ̀wé máa ń sọ lọ́jọ́ báyìí. Ìyẹn ti wà nínú ìwé ìṣirò tí a pín fún yín. Ọrùn àti orí wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí kò sí ẹni tí kì í wọ mọ́tò lọ kó ọjà nínú wa.

Àwa tí a jọ wà níbẹ̀ á rántí ọjọ́ tí mọ́tò kan gbá bọ́ọ̀sì wa nídìí lọ́nà Ìbàdàn. Inú gosiló la dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. A sọ̀kalẹ̀, a dúpẹ́, a bá awakọ̀ yẹn jà díẹ̀, a tún wọkọ̀ padà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mi ò lè yí ọrùn mọ́. Bí wọ́n bá pè mí láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí, bí ère. Àwọn ará ilé ní mi ò sùn dáadáa ni. Rárá o.

Ẹ wo ọmọlanke àwọn alábàárù wa. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì tì í lójijì, ẹ̀yìn ni páálí tó wà lókè máa ń ṣubú sí. Ọmọlanke ti lọ, páálí ṣì fẹ́ wà níbi tó wà. Bó bá ń sáré tó sì kó sí kòtò, iwájú ni páálí ń fò sí. Isaac Newton, ará England, kọ òfin yìí sínú ìwé ní 1687, àmọ́ kò sí alábàárù tí kò mọ̀ ọ́n.

Orí wa ni páálí yẹn. Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò 4.5 sí 5, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì gbé e. Nígbà tí wọ́n gbá wa nídìí, ìjókòó ti ẹ̀yìn wa síwájú, orí ṣì wà lẹ́yìn. Ọrùn tẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà orí fò síwájú bí ẹni ju pàṣán. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Àwọn okùn kéékèèké tó so eegun ọrùn pọ̀ lè ya díẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè má dé títí di ọjọ́ kejì. Ibi ìgbórílé tó wà lókè ìjókòó ló ń gbani: kó ga dé òkè orí, kó sì sún mọ́ ẹ̀yìn orí. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì wa, wọ́n ti tú u tà.

Èyí tó bá kọlu nǹkan níwájú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́tò dúró, ara ò tíì dúró, ó lọ gbá ìjókòó iwájú. Agbárí dúró, ọpọlọ tó wà nínú omi inú rẹ̀ ò tíì dúró, òun náà lọ gbá agbárí. Ẹ gbọ̀n ẹyin tútù dáadáa: èèpo rẹ̀ ò sán, pupa inú rẹ̀ lè ti fọ́. Bí orí bá tún yí bìrí, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè já nínú agbárí, kí ẹ̀jẹ̀ máa ro níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a má rí ọgbẹ́ kankan níta.

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tó sì kọlu ògiri, bí ẹni já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà 10 ni. Bó bá ń sá 100, kì í ṣe mítà 20 o, ó tó mítà 40. Bẹ́líìtì ló ń jẹ́ kí ara dúró pẹ̀lú mọ́tò. Nils Bohlin ló ṣe èyí tó gba èjìká àti ìbàdí fún Volvo ní Sweden ní 1959.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ gbọ́. Bí mọ́tò tó ń sá 50 yẹn bá dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ tó wúwo kílò 10 á fa apá yín bí ohun tó wúwo tó 140. Kò sí ìyá tó lè dì í mú. Kẹ́ẹ̀gì epo oní-lítà 25 tí a tò sẹ́yìn wa ńkọ́? Á fò bọ̀ bí ohun tó ju 300 kílò lọ.

Bí ẹnì kan bá forí gbá nǹkan, ẹ má sọ pé kó ṣáà lọ sùn. Bó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tó ń sọ ìsọkúsọ, tó ń sùn tí a ò lè jí i, tàbí tí dúdú ojú kan fẹ̀ ju èkejì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fara pa lọ́rùn, ẹ má fà á jáde bí àpò gàrí, àfi bí iná bá fẹ́ jó o. Ẹ di orí rẹ̀ mú kó dúró gbọọrọ, kí ẹ pe àwọn Road Safety lórí 122.

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì tí bẹ́líìtì rẹ̀ ò bá pé, a ò ní háyà rẹ̀ mọ́, ẹrù á sì máa bá mọ́tò tirẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ á lé díẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á kùn. Ẹni tó bá fẹ́ kùn, kó wá bá mi ní ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọjà tó kún.