Oògùn Kòkó àti Ara Àgbẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ wa bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ọ̀kà Àkókó)

N kò wá tọrọ ìbò lónìí. Ọ̀rọ̀ Gammalin ni mo bá wá.

Kò sí àgbàlagbà olóko kòkó tí kò mọ Gammalin 20. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi pa kòkòrò tí ń fa oje kòkó mu, ó sì gba oko lọ́wọ́ ìparun. N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ṣe lò ó? Ọwọ́ lásán ni a fi pò ó mọ́ omi. A gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, oògùn ń kán sí wa lára títí dé ìbàdí. Agolo rẹ̀ tí ó ṣófo, a fọ̀ ọ́, a fi bu omi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ dà á sódò láti fi kó ẹja!

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, onímọ̀ 26 láti orílẹ̀-èdè 13 péjọ sí Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ní ilé ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Wọ́n yẹ lindane wò, èyí tí í ṣe agbára inú Gammalin, pẹ̀lú DDT àti 2,4-D tí a fi ń pa koríko. Ǹjẹ́ oògùn wọ̀nyí a máa ba ohun àjogúnbá inú ara jẹ́, èyí tí ń mú ọmọ jọ baba? Ǹjẹ́ wọn a máa sọ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà di aláìlera? Ti èkejì yìí ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára nípa lindane. Wọ́n dájọ́ pé ó ń fa irú jẹjẹrẹ kan tí ń yọ kókó sí ọrùn àti abíyá. Ti DDT, wọ́n ní ó súnmọ́ òtítọ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ti 2,4-D, ẹ̀rí kò tí ì tó.

Kí ó yé yín o, nítorí àwọn tí ń fi ẹ̀rù pawó pọ̀. Wọn kò wí pé gbogbo ẹni tí ó fín Gammalin rí ni yóò ṣàìsàn. Bí oògùn tí ó kan ara bá ti pọ̀ tó, àti iye ìgbà tí ó kàn án, ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ni ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀kọ́ fi di ọ̀rọ̀ ìṣèlú.

Nàìjíríà fìdí àdéhùn Stockholm múlẹ̀ ní 2004. Ní 2009 ni àdéhùn náà ka lindane mọ́ àwọn oògùn tí a ó mú kúrò láyé. Ó dára. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ti rọ́pò rẹ̀ lọ́jà, ọwọ́ lásán kan náà ni a sì fi ń pò wọ́n. Ẹgbẹ́ wa ń bèèrè pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára agolo ní Yorùbá, kí olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì máa dé abà, kì í ṣe ọ́fíìsì nìkan.

Ẹni tí Gammalin bá ṣì wà lábà rẹ̀, kí ó má ṣe dà á sódò, kí ó má sì ṣe sun ún. Kí ó sọ fún akọ̀wé Ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀. A ó ka iye wọn, a ó sì gbé e tọ ìjọba lọ ní Àkúrẹ́.