Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Oníná: Ohun tí Òṣìṣẹ́ Gbọ́dọ̀ Mọ̀ kí Ó Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀rọ̀ ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ṣéènì rẹ̀ já ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nígbà tí ó ku kìlómítà mẹ́rin kí ó dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù náà ni.

Bouaké ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ní àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Zone industrielle. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Èjìgbò kò ní ṣàì mọ orúkọ ìlú náà, nítorí pé láti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó ń gbé Côte d'Ivoire ti lọ. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Ojú irin láti Abidjan dé Bouaké ní ọdún 1912, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ará Faransé kan tí ń jẹ́ Robert Gonfreville dá ilé-iṣẹ́ òwú àti aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Bouaké ti di ìlú òṣìṣẹ́. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 sọ ìlú náà di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọkọ̀ èrò dín kù, ọ̀kadà sì gba ìgboro. Ogun parí, àmọ́ ọ̀kadà kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Nɛgɛso ni wọ́n ń pè é ní èdè Júlà, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ẹṣin irin. Àwọn bàbá tiwa pè é ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní tèmi, orúkọ ti Júlà ló wù mí jù, nítorí ẹṣin a máa tani nípàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹṣin náà ṣe ta ènìyàn kan nípàá lójú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àgbègbè náà, èyí tí n kò ní dárúkọ, ra kẹ̀kẹ́ oníná àlòkù kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ṣéènì rẹ̀ yọ. Ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé ṣéènì lé eyín àwo iwájú, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún yí pẹ́dàlì síwájú gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe láti kékeré. Kò pa iná kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì rò pé ènìyàn ti gùn ún, ó sì fa ṣéènì lójijì. Orí ìka rẹ̀ kan ló bá a lọ. Nígbà tí ó dé ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọwọ́ dídì, wọ́n sọ fún un pé títì ló ti fara pa, kì í ṣe ẹnu iṣẹ́, nítorí náà kò kàn wọ́n. Èmi yóò padà sórí gbólóhùn yẹn, nítorí irọ́ wà nínú rẹ̀.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ mọ irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ ní. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì iná rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ní ibi tí gbogbo sípóòkù ti pàdé. Ẹsẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yìí ń yí tààrà. Ṣéènì kò ru ju agbára itan yín lọ, kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ lásán. Ti èkejì, ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí pẹ́dàlì, ní àárín férémù. Níhìn-ín, agbára ẹ́ńjìnnì àti agbára itan ń gba orí ṣéènì kan náà kọjá. Ènìyàn tó ń wa kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ń lo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wọ́ọ̀tì. Ẹ́ńjìnnì tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gbà fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 250 wọ́ọ̀tì, ọ̀pọ̀ èyí tó sì ń wọ ilẹ̀ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ rí i pé ṣéènì tí a ṣe fún ẹrù ènìyàn kan ti wá ń ru ẹrù ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè jẹ.

Mo ní ó ń jẹ. N kò ní ó ń fà. Àwọn rẹpẹ́rà a máa sọ pé ṣéènì ti fà, ṣùgbọ́n irin kì í fà bíi rọ́bà. Nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan ni píìnì kékeré kan wà. Iyanrìn wọlé, ó pò mọ́ òróró, ó di ohun tí a fi ń pọ́n irin. Píìnì ń tín-ín-rín, ihò rẹ̀ ń gbòòrò, díẹ̀díẹ̀ lórí oríkèé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí gbogbo ṣéènì fi gùn ju bó ti yẹ lọ. Ní Bouaké, nígbà ọyẹ́, eruku pupa a bo gbogbo nǹkan. Ní ẹ̀bá ilé-iṣẹ́ òwú, èrún òwú tún ń lẹ̀ mọ́ òróró títí ṣéènì yóò fi dà bí okùn onírun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò àti Ṣágámù mọ irú eruku tiyín.

Rúlà onííǹṣì lásán ni ẹ ó fi mọ̀ bí ṣéènì bá ti jẹ. Ní gbogbo ayé, ìdajì íǹṣì ni ó wà láàárín píìnì kan sí èkejì lórí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ẹ tẹ pẹ́dàlì díẹ̀ kí apá òkè ṣéènì le gan-an. Ẹ fi òǹkà òdo rúlà sí àárín píìnì kan, kí ẹ wá wo orí 12. Bí ṣéènì bá ṣì jẹ́ tuntun, píìnì mìíràn yóò dúró sórí 12 géérégé. Íǹṣì kan lórí rúlà náà a máa ní ìlà kéékèèké mẹ́rìndínlógún. Bí píìnì bá ti kọjá 12 ní ìlà kékeré kan, ẹ lọ ra ṣéènì tuntun lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ó bá kọjá ní ìlà méjì, ẹ ti pẹ́ jù: ṣéènì náà ti jẹ eyín àwo ẹ̀yìn, bí ẹ bá sì gbé ṣéènì tuntun lé e, yóò máa fò lórí eyín bí ẹ bá ti ń gun òkè. Ẹ̀yin yóò rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Kì í ṣe ayédèrú. Àwo àtijọ́ ni kò mọ ṣéènì tuntun. Ṣéènì nìkan kò wọ́n tó ṣéènì pẹ̀lú àwo méjèèjì, nítorí náà rúlà yẹn, owó ni.

Ní ti àtúnṣe, òfin kan ṣoṣo ló wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe rú: ẹ pa iná, kí ẹ sì yọ bátìrì kúrò lára kẹ̀kẹ́ kí ọwọ́ yín tó kan ṣéènì. Kí ẹ kàn pa á kò tó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi igi kékeré gbé ṣéènì láti ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe fi ìka. Ẹ gbé e lé eyín díẹ̀, kí ẹ sì yí pẹ́dàlì jẹ́jẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ náà kò dára bí bátìrì bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá kúrò nílẹ̀ tí ẹ sì fọwọ́ kan ibi tí a fi ń fún un níná, sípóòkù yóò gé ìka bí ọ̀bẹ.

Bí ṣéènì bá ń yọ lemọ́lemọ́, ó ti dẹ̀ jù. Lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà, ẹ fi ìka ti àárín ṣéènì sókè sódò: nǹkan bí ìdajì íǹṣì ni ó yẹ kó máa mì. Ẹ yí pẹ́dàlì yí ká pátá bí ẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwo iwájú kì í sábà rí róbótó. Níbi tí ó bá ti le jù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, ẹ fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn, kí ẹ rí i pé ó dúró ní àárín férémù kó má ṣe wọ́, kí ẹ tó dì í. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú ẹsẹ̀ yẹn, irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì tí a fi de ọ̀pá àárín rẹ̀ mọ́ férémù. Ẹ dá a padà sí ipò rẹ̀. Mo ti rí rẹpẹ́rà tó jù ú nù pé kò wúlò. Ọjọ́ kẹta, ọ̀pá àárín yí lójú ara rẹ̀, ó sì já gbogbo wáyà tó gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí oríkèé kan bá le tí kò fẹ́ tẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ṣéènì yóò máa ta kán-ín ní àsìkò kan náà bí ẹ ti ń wà á. Ẹ di i mú ní ọ̀tún àti òsì, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí yóò fi dẹ̀. Bí ó bá já, ẹ má ṣe gbá píìnì àtijọ́ padà sínú ihò rẹ̀. Ihò náà ti gbòòrò, yóò sì tún já ní ibi tí ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Oríkèé ìsopọ̀ tuntun ni kí ẹ lò. Irú èyí tó ní ìdè kékeré tó la ẹnu bí ẹja, ẹ jẹ́ kí orí tó dí kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kí ẹnu tó là wà lẹ́yìn.

Òróró ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ nu ṣéènì. Epo kẹrosíìnì díẹ̀ lára àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ tó; ẹ má ṣe lo bẹntiróòlù nítòsí bátìrì, ẹ má sì ṣe fi omi alágbára fọ ìdí pẹ́dàlì tí ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ kán òróró tínrín sórí oríkèé kọ̀ọ̀kan láti apá inú, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ wá nu gbogbo èyí tó wà lóde kúrò. Inú ni òróró wúlò. Èyí tó wà lóde, eruku ló ń pè. Ọ́yìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, tí àwọn mẹkáníìkì ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kún fún èérún irin, ó sì ń ba awọ ara jẹ́. Ọ̀fẹ́ náà wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin oníka kíké. Wọ́n ní títì ló ti fara pa, kò kàn wọ́n. Òfin Côte d'Ivoire lórí ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ka jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ jàǹbá iṣẹ́. Ní Nàìjíríà tiwa, Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ ohun kan náà: ẹni tó fara pa ní ojú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé rẹ̀, tàbí ibi tó ti máa ń jẹun, tàbí ibi tó ti ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀san, bí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ NSITF ló ń san án. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó máa ń gbé ènìyàn ṣubú. Bí ẹ bá kó kúrò ní Àgége lọ sí Ìfọ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, wọn yóò bi yín pé kí ni ẹ ń wá lójú ọ̀nà Ìfọ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti sọ fún agbanisíṣẹ́. Ọjọ́ méje ni ó fún agbanisíṣẹ́ láti sọ fún àjọ náà. Ọdún kan ni ẹ sì ní láti béèrè ẹ̀san. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́, ẹ mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́, ẹ fún akọ̀wé ẹ̀ka yín ní ọ̀kan, kí ẹ sì fi ṣéènì tó já náà pamọ́ sínú ọ̀rá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò mọ èyí, àwa tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ka ìwé òfin fún un, ó sì ti sun ṣéènì náà àti kẹ̀kẹ́ fún onírin àlòkù.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́, oníná tàbí aláìníná, gùn ún wá. A ó mú rúlà kan àti òróró ìgò kékeré wá. Kí ẹ yọ bátìrì yín kí ẹ tó wọ inú gbọ̀ngán.