Búréèkì dísìkì fún Ìjàpá: ohun tí mi ò sọ nígbà tí mo ń tà á

   Admin yín ni. Ohùn mi máa gùn díẹ̀ lónìí. Ẹni tí dátà rẹ̀ ò bá tó, kó dúró de èyí tí wọ́n máa kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búréèkì ni. Láti ọjọ́ Àìkú tí bọ̀dá wa kan ti gbé fọ́tò Ìjàpá rẹ̀ síbí, pé òun ti yọ dírọ́ọ̀mù iwájú, òun ti fi dísìkì rọ́pò rẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. "Admin, èló ni? Admin, ẹ bá mi gbé tèmi sílẹ̀." Páàtì ni mò ń tà, ó yẹ kínú mi dùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná, ká tó dárúkọ owó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos níbí, ẹ mọ Hawan Kibo. Ẹ̀yin ará Kaduna àti Minna tí ẹ ò tíì gbabẹ̀ rí, orí òkè ni Jos wà, ó ga ju 1,200 mítà lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ti ibí lọ sí Abuja, tẹ́ ẹ fẹ́ gba Akwanga, ibẹ̀ lẹ máa bá sọ̀ kalẹ̀. Kọ́nà lórí kọ́nà, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn.

Ọmọ gúrúùpù wa kan ra dísìkì lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Dísìkì méjì, kálípà méjì, páàdì, gbogbo ẹ̀ pé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ku nǹkan kan mọ́?" Mo ní kò kù, ó ti parí. Irọ́ kọ́ ni mo pa, mi ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tà á, ó yẹ kí n mọ̀.

Wọ́n bá a dè é. Láàárín ìlú, ọkọ̀ ń dúró wẹ́rẹ́. Ó gbé ìyàwó àtọmọ sínú ẹ̀, ó forí lé Abuja. Nígbà tó dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ó ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, ó rò pé tírélà iwájú ni. Kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ó tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Gíà kejì ló já a sí, ó fa búréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti ebè yẹ̀pẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Ìyẹn ló dá a dúró. Ó pè mí láti ẹ̀gbẹ́ títì. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Kí ló fà á? Kì í ṣe dísìkì o. Másítà ni.

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Nínú másítà ọkọ̀ tó jẹ́ dírọ́ọ̀mù níwájú lẹ́yìn, fáàfù kékeré kan wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búréèkì, fáàfù yẹn kì í jẹ́ kí omi búréèkì padà tán. Ó máa ń há agbára díẹ̀ mọ́ inú páìpù, kí rọ́bà inú sìlíńdà lè fẹ̀ mọ́ irin, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè wọlé. Dírọ́ọ̀mù ò ka ìyẹn sí, torí súpírìn tó ń fa ṣúù padà lágbára jù ú lọ. Dísìkì ò ní irú súpírìn bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tó yí inú kálípà ká ló ń fa páàdì sẹ́yìn, bíńtín báyìí, bí ẹni pé irun kan ló là wọ́n láàárín. Tẹ́ ẹ bá wá fi másítà dírọ́ọ̀mù sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ni o, búréèkì ò gbẹ́sẹ̀ kúrò. Páàdì ń ha dísìkì láti Jos títí dé Hawan Kibo. Ó gbóná, omi búréèkì hó nínú kálípà, ó di ooru. Ooru sì ṣeé tẹ̀ bíi fóòmù, ẹsẹ̀ yín á kàn rì lọ ni.

Omi yẹn náà ti pẹ́ nínú ẹ̀. DOT 3 tuntun, ó di 205 kó tó hó. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Tó bá ti fa omi tó, 140 ló fi máa hó. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ tiyín gbẹ̀yìn? Ẹ má dá mi lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà kan dé, mò ń bọ̀.

Ẹ má bínú, mo ti dé. Plọ́ọ̀gì ló wá rà.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má fi dísìkì sí i. Ó dáa. Dírọ́ọ̀mù dà bí ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná, ooru ò rọ́nà jáde. Tó bá gbóná, irin rẹ̀ á fẹ̀, á máa sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé sí i. Ìta gbangba ni dísìkì wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, tójò bá pa á, kò pẹ́ tó fi ń gbẹ. Volkswagen fúnra wọn fi í síwájú Ìjàpá 1500 tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1966. Èyí tí wọ́n tò lójú ọ̀nà Bàdágírì l'Ékòó láti 1975 ló pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń rí, dírọ́ọ̀mù sì ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn.

Ìdí rèé tí mi ò fi ní ta dísìkì nìkan mọ́. Másítà tó bá dísìkì mu á bá a lọ, họ́ọ̀sì iwájú méjì tuntun á bá a lọ, omi búréèkì tí wọn ò tíì ṣí á bá a lọ. Tí owó ò bá tó gbogbo ẹ̀, ẹ fi dírọ́ọ̀mù yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Mo fara mọ́ dírọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tọ́jú ju dísìkì ààbọ̀ lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka bóòtù táyà yín. Àwọn tó ti pẹ́ gan-an, márùn-ún ni. Àwọn tó dé lẹ́yìn, mẹ́rin. Ẹ tún jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ìdí táyà iwájú bóyá oní-kingpin ni tàbí oní-ball joint, torí ti ọ̀kan ò lè wọ èkejì. Nọ́ọ̀tì béárìn apá òsì, òdì ló ń tú o! Mo ti rí ẹni tó fi páìpù gígùn gbá a títí tí eyín irin fi bó.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá wọn láàmú. Kálípà ní òsì, ó ní ọ̀tún. Tí wọ́n bá gbé tòsì sí ọ̀tún, ó máa wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ á wà nísàlẹ̀. Òkè sì ni afẹ́fẹ́ máa ń sá sí. Wọ́n á fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹsẹ̀ á ṣì máa rọ̀. Nọ́ọ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ wà lókè. Ọ̀pá irin tó ti ẹsẹ̀ búréèkì wọ másítà náà, ẹ jẹ́ kó ní àyè mílímítà 1 kó tó kan písítìn. Tí kò bá ní, búréèkì á tún máa dì í mú, bí ẹ tiẹ̀ ra másítà tuntun.

Dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Kì í fún ara rẹ̀ o. Sítáà méjì ló wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyàfi kẹ́ ẹ fi tọnafísì yí i.

Ẹsẹ̀ á le díẹ̀ sí i lórí dísìkì, ẹ má bẹ̀rù. Dírọ́ọ̀mù máa ń ran ara ẹ̀ lọ́wọ́, bí táyà ṣe ń yí ló ń fa ṣúù mọ́ra. Dísìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo yẹ ìwé ìtajà mi wò. Ẹni mẹ́ta míì ló ra dísìkì lọ́wọ́ mi láìra másítà. Mo ti pe ẹni méjì. Ẹnì kẹta, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú gúrúùpù yìí, Ìjàpá aláwọ̀ ewé ni. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e gba òkè. Ẹ wà á díẹ̀ láàárín ìlú láìtẹ búréèkì púpọ̀, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí táyà. Tó bá ń dì í mú, ẹ má wà á mọ́, ẹ pè mí, mẹkáníìkì mi á wá bá yín nílé. Mi ò ní gbowó másítà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí i lónìí.