Èènì Kò Lè Rọ́pò Òṣùwọ̀n

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé wa àná sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. A gbé e jáde fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ojúṣe ilé iṣẹ́ ńlá sí ìlú tó gbà á lálejò, àti ìwà òtítọ́ nínú òwò. Mi ò ní pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ kóńgò, a sì mọ èènì. Bí ìyá ẹlẹ́wà bá wọn kóńgò mẹ́ta fún ọ tán, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ó dùn mọ́ni, òun ló sì ń mú oníbàárà padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú. Wọn á fi wọn ọjà fún ọ, wọn á wá bu èènì rẹpẹtẹ, wọn á tún ṣàdúrà lé e. Ìwọ á máa dúpẹ́. Ó di ilé kí o tó mọ̀ pé ẹ̀wà rẹ kò pé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyẹn. Ìrẹsì ọdún, kànga ẹ̀rọ, ìwé fún ọmọ iléèwé, fáníìlà tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí láyà, èènì ni gbogbo wọn. Òṣùwọ̀n ni pé kí ilé iṣẹ́ san owó oṣù bó ṣe yẹ, kó má ba omi wa jẹ́, kó dí kòtò tó bá gbẹ́, kó san owó orí, kó sì ṣe ohun tó fọwọ́ sí. Bí òṣùwọ̀n kò bá pé, èènì kì í ṣe oore mọ́.

Ẹ ó rántí ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa. Èmi ni akọ̀wé nígbà náà. Èmi ni mo ya fọ́tò, èmi ni mo kọ lẹ́tà ọpẹ́, èmi náà ni mo gbé e sórí gúrúùpù. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ògiri ilé ìwòsàn wa là, torí wọ́n ń yin dànámáìtì láìsọ àkókò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ọlọ́mọ á kọ́kọ́ gbọn eruku lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó tẹ́ ọmọ sí i. Mi ò kọ lẹ́tà kankan nípa ìyẹn. Ojú ń tì mí dòní.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ọ̀rọ̀ yìí wà nínú òfin. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007, abala 116, sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá gbàwé ìwakùsà tàbí ìwé ìfọ́kúta gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í ṣe ìgbà tó bá wù ú. Òfin náà ka ohun tó lè wà nínú rẹ̀: owó ẹ̀kọ́, kíkọ́ṣẹ́ àti iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, ọ̀nà, omi, iná, ìlera, ìrànlọ́wọ́ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, títa irè oko, àti bí a ó ṣe máa tọ́jú àyíká. Ó ní kí ìlú fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ètò àti àmójútó rẹ̀. Abala 117 wá ní ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé títí di ìgbà náà, ó de tọ̀tún tòsì.

Ní ti epo rọ̀bì, òfin ọdún 2021 dárúkọ iye: ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé iṣẹ́ ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ni yóò máa wọ àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Òfin tiwa ti 2007 kò dárúkọ iye bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá dúnàádúrà sí ni a ó rí.

Ẹ gbọ́ ti àwọn ará Bodo ní ìpínlẹ̀ Rivers. Lọ́dún 2008, epo tú jáde lẹ́ẹ̀mejì láti inú páìpù Shell, ó ba odò tí wọ́n ti ń pẹja jẹ́. Lára ohun tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbé wá bá wọn ni àpò ìrẹsì, ẹ̀wà àti ṣúgà. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, Shell gbà láti san mílíọ̀nù 55 owó pọ́ùn: 35 fún àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún 15 tó pẹjọ́, 20 fún ìlú. Ẹ fi èyí wé àpò ìrẹsì. Owó náà kò sì dá ẹja padà sínú odò lọ́jọ́ tí wọ́n san án.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀bi sílé àlejò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kànga wa tó dákẹ́ yẹn, ọmọ ìlú yìí ni agbaṣẹ́ṣe tó rà á. Owó ẹ̀rọ tó dára ni wọ́n fún un, èyí tí kò lágbára ló rà. Mi ò ní dárúkọ, ó ti bẹ Kábíyèsí. Àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù, búrẹ́dì, típà, iléèwé aládàáni ńkọ́? Ta ló jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó oṣù méjì, tó wá ń náwó lóde ìnáwó? Ẹni tó bá fẹ́ bá ilé iṣẹ́ ńlá sọ̀rọ̀ òótọ́, kí ó kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò tirẹ̀.

Ọdún karùn-ún àdéhùn wa á pé ní oṣù Kejìlá. Ilé iṣẹ́ náà ti ránṣẹ́ pé ká fọwọ́ sí i bó ṣe wà, pé ìrẹsì á dé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ mi rèé.

Èkíní, kí a túmọ̀ àdéhùn náà sí Yorùbá, ká kà á ní gbangba, ká sì gbé e sínú ìwé ìròyìn wa yìí, kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò.

Èkejì, kí àkókò yínyin dànámáìtì, yíyẹ omi wò àti dídí kòtò wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má dá gba owó. Àpò ìlú ní báńkì ni kó wọ̀, kí àgbà kan, obìnrin kan àti ọ̀dọ́ kan jọ máa fọwọ́ sí i, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ síbí ní gbogbo ìpàdé.

Bí wọ́n bá wọn òṣùwọ̀n pé tí wọ́n tún fi ìrẹsì ṣe èènì, èmi ni mo kọ́kọ́ máa kọ lẹ́tà ọpẹ́. Màá tún ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ògiri ilé ìwòsàn ni màá kọ́kọ́ yà.

Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o.