Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Kò Yẹ Kí A Kà fún Ẹnikẹ́ni
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, ní Kánò)

Owó tí a wá dá lónìí kò ní bọ́ sọ́wọ́ olè o. Ọ̀rọ̀ olè gan-an ni wọ́n ní kí n wá bá yín sọ, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rọ̀ wọlé sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, pé kí á bá wọn fi 60,000 náírà ránṣẹ́, wọn yóò dá a padà ní ìrọ̀lẹ́. Àwòrán ìyá ni, nọ́ńbà ìyá ni. Àwa mẹ́ta la fi owó ránṣẹ́ kí ẹnì kan tó ronú àtipe ìyá. Ìyá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń wọn aṣọ fún oníbàárà, wọn kò mọ nǹkankan. Àwa tí a jìnnà sílé, kíákíá la máa ń dìde fún ara wa. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ló ṣe wọlé? Kò já ilẹ̀kùn. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó pe ìyá pé òun ń kọ orúkọ àwọn tí yóò gba ìrànwọ́, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n kà á fún òun. WhatsApp ló fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́, nítorí olè ti kọ nọ́ńbà ìyá sórí fóònù tirẹ̀. Bí ìyá ṣe kà á tán, WhatsApp bọ́ lọ́wọ́ wọn. Olè tún fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í, ó di ọjọ́ méje kí ìyá tó rí i lò. Ká ní a mọ̀ ni, bí ìyá bá ti tètè gba nọ́ńbà mẹ́fà tuntun, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, olè ìbá ti jáde lójú ẹsẹ̀, bí àwọn fúnra wọn kò tilẹ̀ tíì lè wọlé.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sí i. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ṣe é!

Lórí ọjọ́ ìbí yìí, mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá akọ̀wé wa rò. Orúkọ wa, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí pẹ̀lú ọdún rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà nínú ìwé wa. Ẹni tó bá ka gbogbo ìyẹn fún ọ lórí fóònù, ṣé o kò ní gbà pé ilé ìfowópamọ́ ló ń pè? Òfin Data Protection tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 ní ohun tí a torí rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ara ẹni ni kí á fi í ṣe. Ọjọ́ àti oṣù tó fún orin ọjọ́ ìbí. Ẹ yọ ọdún kúrò.

Láti 2014 la ti ń gba BVN, nọ́ńbà 11 ni, bẹ́ẹ̀ náà ni NIN. Ẹ má kọ wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn pè. PIN káàdì àti nọ́ńbà OTP ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ kankan kò ní í béèrè wọn. Bí ó bá ti bọ́ sórí, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín kíá.

Mo ti bẹ ọ̀dọ́ méjì kí wọ́n jókòó sí tábìlì ẹnu ọ̀nà yẹn bí a bá parí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbé fóònù lọ bá wọn. Wọn yóò fi ibi tí ẹ ó tẹ̀ hàn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà, kí wọ́n máa wo ibòmíràn.